Ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá ẹ̀jẹ̀: ti apá ni àbí ti ọrùn ọwọ́?

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn Ọláìyá, l'Óṣogbo níbí, ìbéèrè yìí kì í tán: èwo ni ká rà fún màmá nílé?

Ti apá ń wọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan tó wà ní ọ̀gangan ọkàn; òun ni mo fọkàn tán jù. Àmọ́ bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá kéré fún apá, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti ọrùn ọwọ́ yá wọ̀, ó sì ṣeé kó sápò. Ṣùgbọ́n iṣan méjì tó wà níbẹ̀ tín-ín-rín. Bí ọwọ́ bá wà lórí itan, nọ́ńbà á fò sókè. Ẹ gbé e dé ọ̀gangan àyà.

Màmá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti apá ni kẹ́ ẹ rà fún wọn. Bí apá wọn bá tóbi ju bẹ́líìtì lọ, ẹ mú ti ọrùn ọwọ́.