Àpò Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọdún fún Kíláàsì Àwọn Ọmọ Kékeré: Èyí tí Mo Lò ní Ìlọrin

Nígbà tí Iléyá ọdún 2025 ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo ra àpò iṣẹ́ ọwọ́ ọdún kan ní ilé ìtàwé kan ní agbègbè Post Office, Ìlọrin, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje tí mo ń kọ́ ní kíláàsì kejì. ₦6,500 ni wọ́n tà á fún mi. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ti Iléyá, ti Ọjọ́ Òmìnira àti ti Kérésìmesì, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ tí ó ń tọ́ olùkọ́ sọ́nà.

Apá ti Iléyá nìkan tó owó tí mo san. Àwọn ọmọ yóò gé àgbò lára páálí, wọn yóò lẹ òwú mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gé ẹran bébà tí wọn yóò pín sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba: ti ará ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, àti ti aláìní. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n ẹni tí ó ṣe àpò náà, nítorí pé ìdámẹ́ta tí mo ti ń fi ọsàn ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yé gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú 35, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì bákan náà, torí kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tí àwo ẹran Iléyá kì í dé. Ìwé pẹlẹbẹ náà tún ṣàlàyé ìdí tí Iléyá kì í fi í dúró sí ọjọ́ kan: ọdún tí a ń fi òṣùpá kà fi ọjọ́ 10 tàbí 11 kúrú sí èyí tí a ń fi oòrùn kà, ìdí nìyẹn tí ti ọdún 2024 fi bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Òkúdu, tí ti 2025 sì bọ́ sí ọjọ́ 6.

Ohun tí mo wá tì níbẹ̀ ni ẹṣin. Ọmọ Ìlọrin tí ó ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin níwájú ààfin Ẹ́míà lẹ́yìn Iléyá kò ní ya àwòrán ọdún náà kí ó yọ ẹṣin sílẹ̀. Èmi fúnra mi ya ẹṣin sórí páálí, mo sì tọrọ àjákù aṣọ òkè lọ́wọ́ ahunṣọ kan kí àwọn ọmọ lè fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ti Ọjọ́ Òmìnira kò ní wàhálà: àsíá, ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1960, àti orúkọ Táíwò Akínkúnmi tí ó ṣe àpẹẹrẹ àsíá náà.

Ti Kérésìmesì ni ó dùn mí. Yìnyín àti ihò èéfín orí òrùlé ni ó kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ni ó ń la ètè àwọn ọmọ wa ní oṣù Ọ̀pẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń kun ohun tí kò rí rí kì í rí ọ̀rọ̀ kankan sọ nípa rẹ̀, kíláàsì mi sì dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òmù-Àrán, imọ̀ ọ̀pẹ ni a fi ń kọ́ ilé Kérésìmesì. Nítorí náà mo pa bébà wọn tì, mo sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibùjẹ ẹran tí a tẹ́ Jésù sí.

Gọ́ọ̀mù inú àpò náà ti gbẹ kí n tó ṣí i. Olùtajà pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn, ṣùgbọ́n ìgò kan kò lè tó ọmọ 38, sítáàṣì ni mo fi lẹ ìyókù. Kò sí àlùmọ́gàjí nínú rẹ̀. Kí olùkọ́ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣóńṣó. Mo ti bi olùtajà bóyá ó lè máa ta apá Iléyá lọ́tọ̀, ó sì ní òun yóò bá àwọn tí ó ń kó o wá sọ̀rọ̀.