Àwo tí mò ń gbọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú: Desperate Youth, Blood Thirsty Babes ti TV on the Radio

Orúkọ ló kọ́kọ́ fà mí sún mọ́ àwo yìí o, àwo ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní TV on the Radio. Mo rí Tunde Adebimpe láàárín orúkọ àwọn tó kọ ọ́, mo ní háà, ọmọ wa nìyí, mo wá ń retí pé màá gbọ́ gángan níbì kan, tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lásán pàápàá. N ò gbọ́ nǹkan kan tó jọ bẹ́ẹ̀. Sàksófóònù ni mo gbọ́ tó ń ráhùn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìlù bẹ̀rẹ̀ sí lù gbì-gbì-gbì láìsinmi, gìtá wá ń kùn bí oyin tí wọ́n dé mọ́nú ìgò.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ti mú iná lọ, mo ki íápíìsì bọ etí, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, orin kejì tí wọ́n ń pè ní Staring at the Sun wọlé, mo bá ń bínú sí ará ilé kejì pé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ti ń dún jù, ìgbà tí mo yọ íápíìsì ni mo rí i pé gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́, bẹ́ẹ̀sì, ìró ìsàlẹ̀ tó nípọn nínú orin yẹn, ló ń gbọ̀n rìrì bẹ́ẹ̀ yẹn. Látọjọ́ náà ni àwo yìí ti wọ̀ mí lára.

Ọmọ Brooklyn ní New York ni ẹgbẹ́ náà, 2004 ni àwo yìí jáde, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá kankan ló gbé e jáde, Touch and Go ni, àwọn aládàáni tó wà ní Chicago. Kó tó dìgbà yẹn, ní 2002, fúnra wọn ni wọ́n ṣe CD tiwọn, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ káàkiri àdúgbò kí ẹni tó bá rí i lè mú un lọ gbọ́. Túndé fúnra ẹ̀, St. Louis ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó sì gbé Nàìjíríà fúngbà díẹ̀ ní kékeré. David Sitek ló ń ta gìtá tó sì ń to àwọn ẹ̀rọ pọ̀, Kyp Malone náà ń ta gìtá, ó sì tún ń kọrin.

Ohùn Kyp yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ohùn Túndé nípọn, ó dúró sísàlẹ̀, ti Kyp tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fò lókè bíi ti obìnrin, àwọn méjèèjì kì í sì í jìnnà síra wọn, bí ọ̀kan bá lé, èkejì á ti gbè é. Ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe tí mo ti gbọ́, ìbànújẹ́ inú ẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, òun nìkan ló wà ńbẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń lù, ẹ̀rọ ló ń hó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sì wúwo, ojú tí fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n fi ń wo ènìyàn dúdú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ogun náà wà ńbẹ̀ (ẹ rántí pé ọdún tó ṣáájú ni Amẹ́ríkà wọ Iraq), síbẹ̀ ènìyàn pọ̀ nínú ìbànújẹ́ náà. Ó dà bí ilé ọ̀fọ̀ tí àwọn ẹbí ti dé. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ orin tí wọ́n ń pè ní Ambulance kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí gìtá, kò sí ẹ̀rọ ìlù, ohùn nìkan. Ẹnì kan fẹnu ṣe bẹ́ẹ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn yòókù gbè é, Túndé wá ń kọrin ìfẹ́ lé e lórí. Bí ẹ bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì rí lọ́jọ́ tí dùùrù bàjẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì ní kò burú, àwọn á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Èmi máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kó kọjá.

Àmọ́ o, ó níbi tí ò ti dáa. Ariwo gìtá máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà mìíràn ó di pé kéèyàn lọ wá ọ̀rọ̀ orin náà kà kó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Don't Love You náà fà jù fún mi, ó ń lọ ó ń lọ, kò débì kan. Ẹ̀rọ ìlù yẹn kì í mí, onílùú gidi ìbá ti dúró díẹ̀, á fún ẹsẹ̀ láyè. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àwo tó jáde ní 2006 wọ́n ti ní onílùú, David Bowie pàápàá, gbajúmọ̀ olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, bá wọn gbè nínú orin kan, ó sì dùn, n ò parọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣókùnkùn yìí ni mo ṣì ń padà sí. Kì í kúkú ṣe èmi nìkan ló gba tiẹ̀, òun ló gba ẹ̀bùn orin tí wọ́n ń pè ní Shortlist Music Prize lọ́dún 2004.

Orin mẹ́sàn-án ni, kò tó wákàtí kan. Wọ́n tún un gbé jáde ní 2024 tó pé ogún ọdún, wọ́n fi àwọn orin mìíràn kún un, àmọ́ ẹni tí ò bá tíì gbọ́ ọ rí, kó kọ́kọ́ gbọ́ mẹ́sàn-án yẹn tán ná. Kó má fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ rárá o, bẹ́ẹ̀sì ẹ̀ á sọ nù pátápátá, íápíìsì tàbí sípíkà ńlá ni. Kó má sì gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Kó jẹ́ kó dé Wear You Out, ìyẹn tó kẹ́yìn, ó lé ní iṣẹ́jú méje, ó rọra ń wọ́ bọ̀, fèrè wọlé sí i, tí sàksófóònù náà tún padà wá, kó má yọ íápíìsì títí ó fi máa dákẹ́.