Kíláàsì ballet ọjọ́ Sátidé ní Kàbà: ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo aṣọ

Gbọ̀ngàn tí kíláàsì yìí ti ń wáyé kò dùn ún wò. Ọ̀dà ara ògiri ti ṣá, dígí kan ṣoṣo ló wà níwájú. Síbẹ̀, bí òbí kan láti Ìyàrà tàbí Mọ̀pà bá béèrè ibi tí ọmọ òun ti lè kọ́ ijó ballet láìba ẹsẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ júwe, ilẹ̀ rẹ̀ ló sì fà á.

Wọ́n to ègé fóòmù líle sórí kọnkéré, wọ́n wá tẹ́ pláìwúùdù ìlọ́po méjì lé e lórí. Ìkọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 12, ojú ìpàdé ti òkè kò sì bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì ló bo gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yí sókè, torí ojú tó ń dán máa ń yọ̀. Bí ọmọ bá fò tó sì balẹ̀, ilẹ̀ náà á tẹ̀ díẹ̀, á gbà lára ẹrù náà. Táìlì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọnkéré kì í gba nǹkan kan: orí gìgísẹ̀, ojúgun àti orúnkún ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Ìrora ojúgun tí àwọn ọmọ ń ké lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, ibẹ̀ ló ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá dún gbì, tí ó sì ta yín dé orúnkún, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fò níbẹ̀.

Àléébù kan wà. Lásìkò òjò, etí pláìwúùdù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn máa ń wú, téèpù orí rẹ̀ á ká sókè, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún padà wú.

Àwọn òbí kan á ní ilẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, ṣebí ọmọdékùnrin Anthony Madu láti Leap of Dance Academy, ilé ẹ̀kọ́ ballet ní Àjàńgbádì, l'Ékòó, jó láìwọ bàtà nínú òjò ní 2020, tí gbogbo ayé sì wò ó nínú fídíò. Fídíò náà wúni lórí gidi. Ṣùgbọ́n ijó ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọmọ tó ń fò fún ọdún mẹ́ta lórí kọnkéré, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ló kù. Ẹ jókòó wo kíláàsì kan látòkèdélẹ̀, kí ẹ máa wo orúnkún àwọn ọmọ nígbà plié, ìyẹn títẹ orúnkún méjèèjì. Orúnkún gbọ́dọ̀ dúró sórí ìka ẹsẹ̀ kejì. Bí ó bá ń wọnú, tí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń wó lulẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti fipá ṣí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ìyẹn ni pé wọ́n yí i síta ju bó ṣe lè yí lọ. Láti oríkèé ìbàdí ni ṣíṣí ẹsẹ̀ ti ń wá, bí egungun ìbàdí kálukú sì ṣe rí ni yóò ṣe lè ṣí i mọ. Olùkọ́ ibí yìí mọ èyí. Ó ní ṣọ́ọ̀kì funfun lọ́wọ́: ọmọ á dúró, á yí itan méjèèjì síta, olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tó dé gan-an. Nínú ọmọ mẹ́jọ, kò sí méjì tí ìlà wọn bára mu, olùkọ́ kò sì bá ẹnikẹ́ni wí pé tirẹ̀ kéré.

Ohun mìíràn tó wù wá ni pé olùkọ́ náà kò kẹ́gàn ijó ilé. Ijó wa ń wá ilẹ̀, ballet ń wá òkè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń jó nídìí ìlù láti kékeré ti mọ bí a ṣe ń tẹ orúnkún, ìdajì plié nìyẹn. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ gbàgbé ijó ìyá rẹ̀ kí ó tó lè kọ́ ballet, ẹ sá fún un.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀pá ìdìmú. Páìpù omi tí wẹ́dà jó pọ̀ ni, ó lágbára, àmọ́ ìwọ̀n àgbàlagbà ni. Àwọn ọmọ ọdún méje mẹ́jọ ń gbé èjìká kí ọwọ́ wọn tó tó o, ọrùn á wá le. Ọ̀pá kejì ní bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n jó mọ́ ọn: ọwọ́ á kàn sinmi lé e, ìgúnpá á tẹ̀ díẹ̀, á sì wà nísàlẹ̀ èjìká.

Wákàtí kan ni kíláàsì. Wọ́n ń mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí òwúrọ̀ Kàbà máa ń tutù. Ìdí ọ̀pá ló kàn, lẹ́yìn náà àárín ilẹ̀. Fífò ló ń kẹ́yìn. Bí ẹ bá débì kan tí wọ́n ń tẹ ọmọ mọ́lẹ̀ láti ya ẹsẹ̀ nígbà tí ara kò tíì gbóná, ẹ mú ọmọ yín máa lọ.

Ní ti bàtà tí a fi ń dúró lórí ìka, pátákó ìpolówó wọn ń tan àwọn ọmọ. Àwòrán rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀. Ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́ta, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọmọ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 11 tàbí 12. Kí ó kọ́kọ́ lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ó gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè nígbà ogún láìtẹ orúnkún. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò gbà kí ọmọ kékeré wọ̀ ọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra irú bàtà yìí lójà òkìríkà rárá: pẹpẹ líle inú rẹ̀ tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró ti rọ̀, ó sì ti gba àwòrán ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Bàtà rírọ̀ ti kánfásì lè jẹ́ òkìríkà, bí ìdí rẹ̀ kò bá tíì jẹ. Ẹ má ra èyí tó tóbi nítorí pé ọmọ ń dàgbà. Aṣọ rẹ̀ á ṣù sábẹ́ ìka, ọmọ á sì kọsẹ̀ nígbà tendu, ìyẹn fífa ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ títí yóò fi nà. Ẹ ṣẹ́ gìgísẹ̀ bàtà náà síwájú, ibi tó bá ti ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni kí ẹ rán rọ́bà mọ́. Okùn tó ń fún ẹnu bàtà, inú bàtà ni kí ẹ tẹ ojóbó rẹ̀ sí.