Mo ní kí wọ́n gé fóònù ilé, ni wọ́n bá gé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn: ohun tójú mi rí ní Peckham

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó kó sí i. Tó bá jẹ́ pé inú wáyà fóònù ni íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ṣì ń gbà wọlé níbí ní UK, ẹ má kàn pe kọ́ńpìnnì kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wọ́gi lé láìnì. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, ọjọ́ 17 gbáko la fi wà nílé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì náà o, torí ọ̀rọ̀ yìí ju tiwọn nìkan lọ.

Nàìjíríà ló jẹ́ ká ní fóònù ilé látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbí á rántí káàdì ìpè tí wọ́n máa ń tà ní Rye Lane, títì ọjà ní Peckham ní London, ẹ máa ha ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa tẹ̀, ẹ wá fi pe Ìjẹ̀bú, ẹ ò tíì kí ara yín tán tí owó á ti tán lórí ẹ̀. WhatsApp ti gba iṣẹ́ yẹn báyìí. Àwọn oníjìbìtì ló kù tó ń pe fóònù ilé wa, mo wá wo bíìlì mo rí i pé mò ń san £9 lóṣooṣù fún ìpè tẹ́nì kankan ò pè. Ni mo bá pè wọ́n pé mi ò fẹ́ fóònù mọ́.

Ọmọbìnrin tó gbé e sáré ṣe é, ó ní ó ti parí, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Kò bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé orí láìnì yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì mi wà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí dòní, ìbéèrè ẹyọ kan péré ni! Ímeèlì kan wá lẹ́yìn ẹ̀ tó ní sáfíìsì mi máa parí lọ́jọ́ báyìí, mo rò pé fóònù ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ náà mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, iná ráútà ti pupa. Mo pa á, mo tan án, mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, pàbó. Ìgbà tí mo gbé fóònù ilé sétí tí kò dún rárá, àyà mi já.

Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ wáyà ló là mí lóye. Ó ní, "Àǹtí, wáyà kan ṣoṣo ló wọ ilé yín. Fáìbà tí wọ́n polówó fún yín, inú àpótí aláwọ̀ ewé tó wà létí títì yẹn ló parí sí, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, wáyà bàbà ti fóònù ni. Ohùn àti íntánẹ́ẹ̀tì jọ ń gba orí ẹ̀ ni, filter kékeré tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń yà wọ́n. Tí láìnì bá ti kú, gbogbo ohun tó gùn ún ló bá a lọ." Owó ìpè lórí láìnì ló yẹ kí n ní kí wọ́n yọ, láìnì á sì wà níbẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, orí ni wọ́n bá mi bẹ́. Ẹ sì wò ó, láti oṣù kẹwàá 2016 ni àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó ti ní káwọn kọ́ńpìnnì máa da owó láìnì pọ̀ mọ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìpolówó, ó dáa torí kò sówó tó sápamọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ò wá rántí mọ́ pé láìnì kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Mo pè wọ́n padà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a padà bó ṣe wà. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, láti oṣù kẹsàn-án 2023 wọn kì í ta láìnì ayé àtijọ́ yẹn mọ́, torí wọ́n fẹ́ pa á rẹ́ pátápátá títí oṣù kìíní 2027. Bí nọ́ńbà wa ṣe lọ nìyẹn. Láti 2001 la ti ń lò ó. Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó jẹ́ ẹni ọdún 81, wọn kì í lo WhatsApp, nọ́ńbà yẹn nìkan ni wọ́n há sórí. Ká ní mo mọ̀ ni, mo lè ti gbé e lọ sórí fóònù tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó pa láìnì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà o: tẹ́ ẹ bá gbé nọ́ńbà kúrò lórí láìnì àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì míì, gbígbé yẹn fúnra ẹ̀ lè pa láìnì, íntánẹ́ẹ̀tì á sì bá a lọ. Ẹ rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì míì ti ń ṣiṣẹ́ nílé ná.

Ohun tí wọ́n wá tà fún mi ni íntánẹ́ẹ̀tì láìsí fóònù, SOGEA lorúkọ ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹnjiníà ò wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó gbà-má-bínú sórí bíìlì mi láìjẹ́ pé mo bèèrè, ètò Ofcom, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn kọ́ńpìnnì fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, táwọn kọ́ńpìnnì kan fọwọ́ sí nìyẹn. Fún ọjọ́ tá a fi wà láìní nǹkan kan, wọn ò san kọ́bọ̀, wọ́n ní èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Dátà fóònù mi làwọn ọmọ fi ṣe iṣẹ́ iléèwé. Ìgbà tí ẹnjiníà wá dé, kò gbẹ́ ilẹ̀, kò fa wáyà tuntun, wáyà kan náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà! Íntánẹ́ẹ̀tì náà ń sáré 62 Mbps tẹ́lẹ̀, ó ń sáré 63 báyìí. Tí ọmọbìnrin yẹn bá ti sọ ọ́ di íntánẹ́ẹ̀tì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò bá má jìyà tó yẹn.

Tó bá sì jẹ́ pé kọ́ńpìnnì lẹ fẹ́ pààrọ̀, láti oṣù kẹsàn-án 2024, tuntun ló ń bá ti àtijọ́ sọ̀rọ̀ fún yín, ẹ má fọwọ́ ara yín gé nǹkan kan ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tún wà níbẹ̀. Màmá kan wà nísàlẹ̀ wa tó fi bọ́tìnnì ìdágìrì sọ́rùn, orí láìnì fóònù ló ń gbà. Fóònù tuntun tí wọ́n ń kì sára ráútà kì í ṣiṣẹ́ tíná bá lọ, àfi tí bátìrì bá wà. Ofcom ní ẹni tó gbójú lé fóònù ilé gbọ́dọ̀ rí nǹkan tó lè fi pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, fún ó kéré tán wákàtí kan tíná bá lọ, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nílé. Èmi ni mo bá Màmá pè wọ́n, mo tún pe àwọn tó ni bọ́tìnnì.

Íntánẹ́ẹ̀tì tí mò ń lò báyìí, 4 nínú 5, £28 ni lóṣù, kì í já. Bí wọ́n ṣe gé ti tẹ́lẹ̀, 1 ni mo fún wọn. Àbúrò mi ti kọ nọ́ńbà fóònù ọwọ́ mi gàdàgbà sára ògiri fún Bàbá, ṣùgbọ́n ó ní tó bá di ọjọ́ Sunday, ti àtijọ́ ni wọ́n ṣì máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.