Mo lọ wo ibi tí Búdà àti Mahavira gbé: ẹ gba dírẹ́bà, ẹ fi gáìdì sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní Íńdíà tẹ́ ẹ ń gbèrò àtilọ sí Bihar, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn kan tó ń mú èèyàn rìnrìn àjò ni mo bá lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní lọ́jọ́ kan ṣoṣo àwọn á fi ibi tí ẹ̀sìn Búdà àti ẹ̀sìn Jain, tí Mahavira jẹ́ olùkọ́ ńlá fún, ti ṣẹ̀ hàn wá, Bodh Gaya, Rajgir, Pawapuri.

Bodh Gaya dùn, mi ò ní purọ́. Wọ́n máa gba fóònù yín kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ má bá wọn jà. Igi tí gbogbo èèyàn ń wá wò wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì, ó jọ ọdán ilé wa, abẹ́ ibẹ̀ ni Siddhartha, ìyẹn Búdà, jókòó sí lẹ́ni ọdún 35 tójú ẹ̀ fi là. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ebi pa ara ẹ̀ kó tó débẹ̀, ó ku egungun, ó wá rí i pé ebi ò gbé òun débì kankan, ló bá jẹun. Gáìdì sọ èyí dáadáa.

Ìgbà tó kan Mahavira ni wàhálà dé. Òótọ́ ni pé orúkọ wọn lè da èèyàn láàmú o, Siddhartha ni Búdà, Siddhartha náà ni bàbá Mahavira ń jẹ́, ìyàwó Búdà ni Yashodhara, àwọn Jain kan ní ti Mahavira ni Yashoda, àwọn kan sì ní kò fẹ́yàwó rárá. Ọmọ ilé ọlá làwọn méjèèjì, ọ̀kan filé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 29, èkejì lọ́mọ 30. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gáìdì la sanwó fún! Gáìdì wa ní ọmọ ẹ̀yìn Búdà ni Mahavira, ó tún ní Mahavira ló dá ẹ̀sìn Jain sílẹ̀. Bàbá Jain kan tó gbọ́ ọ ní Pawapuri rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìkẹrìnlélógún ni Mahavira nínú àwọn olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn Jain, òun ló kẹ́yìn, Parshvanatha ló ṣáájú ẹ̀, àwọn òbí Mahavira gan-an ti ń tẹ̀ lé Parshvanatha kí wọ́n tó bí i. Ṣé ẹ rí i, Búdà kúrò nídìí ebi ó la ọ̀nà tiẹ̀, Mahavira bá ọ̀nà nílẹ̀ ó sì gba ààwẹ̀ àti ìyà fún ọdún 12 gbáko. Bàbá yẹn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé wákàtí kan la lò ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Rajgir, Pawapuri wá di ìṣẹ́jú 25. Tẹ́ńpìlì funfun láàárín omi tí òdòdó kún inú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti sun òkú Mahavira, wọ́n ní eérú àti erùpẹ̀ ibẹ̀ làwọn èèyàn ń bù lọ títí tó fi di adágún. Ìṣẹ́jú 25!

Ẹ má wọ bẹ́líìtì aláwọ lọ, àwọn Jain ò fẹ́ ẹ, ẹ mú sọ́kìsì dání torí ilẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án. Dírẹ́bà, márùn-ún nínú márùn-ún. Gáìdì, ọ̀kan, torí Bodh Gaya nìkan.