Àyẹ̀wò Ọ́ìlì Gíà Fuchs Titan ATF 4134 fún Benz Olójú Mẹ́rin, Láti Kubwa

Bí ẹ bá ní Mercedes-Benz W210, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Benz olójú mẹ́rin, tí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀ fúnra yín nínú ọgbà ilé, Fuchs Titan ATF 4134 ni mo máa gbà yín níyànjú láti rà. Òun ni mo dà sínú gíà ọkọ̀ tèmi níbí ní Kubwa ní Àbújá, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé géèjì tí a fi ń wọn ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì ju orúkọ ara jálá lọ, nítorí Mercedes kò fi géèjì sínú gíà yìí rárá. Páìpù tí à ń gbà rọ ọ́ìlì nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀, wọ́n sì dé e pa. Ẹni tí kò bá tíì ra géèjì, kí ó má ṣe tíì tú bóòtù kankan.

Gíà tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni 722.6, gíà ọtọmátíìkì onípele márùn-ún, tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1996. Irú rẹ̀ wà nínú àwọn Benz W203 àti W220 pẹ̀lú, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń wà wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì pupa ni ọ́ìlì gíà Benz. Dexron III, irú ọ́ìlì gíà pupa kan, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nà síni níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Apo àti ní Zuba, nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, àwọn mẹkáníìkì mìíràn á sì sọ pé kò sí ìyàtọ̀. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Nínú torque converter gíà yìí, ìyẹn ìkòkò tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wọnú gíà, ni kílọ́ọ̀ṣì kan wà tí kọ̀ǹpútà gíà máa ń jẹ́ kí ó yọ̀ díẹ̀ kí ó tó dì mú, kí ọkọ̀ má baà ta wá gìrì. Bí ọ́ìlì kò bá bá iṣẹ́ yìí mu, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré, bí ẹni pé táyà ń gun òkúta wẹ́wẹ́ lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí Mercedes fi ní ìlànà tirẹ̀, MB 236.10 nígbà tí gíà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti MB 236.14 lẹ́yìn náà. ATF 4134 ní ìfọwọ́sí Mercedes fún 236.14, ẹ ó sì rí nọ́ńbà yìí lára jálá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Fuchs, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mannheim ní orílẹ̀-èdè Jámánì ní ọdún 1931, ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ́ìlì mìíràn tó bá ní ìfọwọ́sí kan náà yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Nọ́ńbà ni kí ẹ rà.

Ẹ yẹ ìdérí wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo kọ́kọ́ dé, jálá tí wọ́n gbé fún mi ti já òrùka ike tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé. Mo dá a padà fún un.

Mercedes ti fìgbà kan sọ pé ọ́ìlì gíà yìí kò nílò pípààrọ̀ títí ayé ọkọ̀, kí wọ́n tó padà dá a lábàá pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin 60,000 kìlómítà. Tòkunbọ̀ tó ti rin ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta èyí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tó sì tún ń jókòó sínú gosiló Nyanya nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà, kò yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn tàn jẹ. Ọ́ìlì tó jáde nínú ọkọ̀ mi ti dúdú, òórùn ohun tó jóná sì wà lára rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àwo ìsàlẹ̀ gíà ti wọ aṣọ ẹrẹ̀ eérú kan tó kúnná, tí mo fi ìka rin tí n kò rí ohun líle kankan nínú rẹ̀. Èyí kò burú. Jíjẹ kílọ́ọ̀ṣì àti irin díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ìka yín bá kan irin ṣóńṣó níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ gíà tú kí ẹ tó náwó sí ọ́ìlì tuntun.

Iṣẹ́ títú náà kò le. Ẹ gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin tó dúró gbọn-in lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Allen key 5 mm ló ń tú bóòtù tí ọ́ìlì ń gbà jáde, torx T30 sì ni fún bóòtù mẹ́fà tó di àwo náà mú. Ẹ pààrọ̀ fílítà, gásíkẹ́ẹ̀tì àti wáṣà bàbà, kí ẹ má sì fi agbára fún bóòtù àwo nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, nítorí 8 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń di bóòtù) péré ló nílò. Nígbà tí ẹ bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wo ibi tí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà ti wọ ẹ̀gbẹ́ gíà. Rọ́bà tó wà níbẹ̀ máa ń gbó, ọ́ìlì á sì máa gba inú wáyà gòkè títí yóò fi dé kọ̀ǹpútà gíà. Owó kékeré ni rọ́bà yìí, owó kọ̀ǹpútà kì í ṣe kékeré.

Wíwọn ọ́ìlì ni ọ̀gá iṣẹ́. Àwo nìkan máa ń tú tó lítà mẹ́rin sílẹ̀. Bí torque converter yín bá ní bóòtù tirẹ̀, ó lè tó lítà méje sí mẹ́jọ lápapọ̀. Ẹ gba ti àtijọ́ sínú ike tó ní àmì lítà, kí ẹ sì kọ́kọ́ rọ ọ́ìlì tuntun tó tó iye tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ta ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé gíà láti P dé R, N àti D pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ dá a padà sí P, kí ẹ tó ki géèjì bọ páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmì tó wà fún 25°C lára géèjì wà nísàlẹ̀, ti 80°C wà lókè, nítorí pé ọ́ìlì máa ń wú bó ti ń gbóná. Ní Àbújá, ọkọ̀ tó bá jókòó sóòrùn ọ̀sán ti kọjá 25°C kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù ni àmì ìsàlẹ̀ wúlò. Ti 80°C ni kí ẹ fi parí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wakọ̀ náà jáde, pẹ̀lú ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó lè ka ooru gíà Benz. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, ara gíà tó ń yí á pò ó di ìfófòó. Bí ó bá kéré jù, pọ́ńbù á máa fa afẹ́fẹ́. Ìkejì ni mo bẹ̀rù jù, nítorí kílọ́ọ̀ṣì ló ń jó.

Lẹ́yìn tí mo dà á, ìgbésókè láti gíà kejì sí ìkẹta, tó máa ń já wọlé tẹ́lẹ̀, ti rọ̀. Ọ́ìlì kò ní tún àléébù iná ṣe o: bí ọkọ̀ bá takú sí gíà kejì, ẹ jẹ́ kí rẹwáyà tó ní ẹ̀rọ Benz kà á ná. Bí ọ́ìlì bá sì jáde ní àwọ̀ tó jọ mílíkì pupa, omi rédíétọ̀ ti wọnú gíà. Ẹ má da ọ́ìlì tuntun lé e lórí.

Páálí fílítà tí mo rà kò ní píìnì ike pupa tó ń ti ìdérí páìpù ọ́ìlì, èyí tí a gbọ́dọ̀ fọ́ kí a tó lè ṣí i. Ẹ rà á lọ́tọ̀ ní Apo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdérí tí kò ní i lè fò jáde lójú ọ̀nà.