Póńì Hasbro Àtijọ́: Ara Ni Kẹ́ Ẹ Rà, Ẹ Má Ra Irun

Àwọn póńì mẹ́fà, ìyẹn ẹṣin ìṣeré onírọ́bà, tí Hasbro, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé ti Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀ My Little Pony, lẹ́yìn ẹṣin ńlá rẹ̀, My Pretty Pony ti ọdún 1981, ni à ń yẹ̀ wò yìí: Blue Belle, Butterscotch, Cotton Candy, Blossom, Minty àti Snuzzle. Wọ́n ṣì wà lọ́jà àlòkù ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Bí ẹni tó ń tà á bá ń fi fọ́tò gọ̀gọ̀ tó ń dán yinrin fa ojú yín, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Gọ̀gọ̀ àti ìrù ṣeé fọ̀, wọ́n ṣeé yà, kódà èèyàn lè tu wọ́n kó sì gún tuntun sí i. Ara tó bá ti bàjẹ́ ni kò lóògùn.

Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Snuzzle la máa ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà. Ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, ìdọ̀tí kékeré kì í tètè hàn lára rẹ̀. Kìkì kẹ́ ẹ yẹ àmì ọkàn pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó wà ní itan rẹ̀ wò, torí oòrùn máa ń mú un ṣá. Minty lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ irun funfun rẹ̀ ni ìyọnu: ó máa ń di àwọ̀ ìyeyè. Ti Cotton Candy, tóótòòtó funfun tó wà ní itan rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò dáadáa, nítorí ọwọ́ ọmọdé ti ra á kúrò lára ọ̀pọ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹṣin náà dé, kẹ́ ẹ ka abẹ́ pátákò rẹ̀. Ẹ ó rí ọdún àti ibi tí wọ́n ti ṣe é níbẹ̀, bíi Hong Kong. Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é o; ọdún tí Hasbro fi gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ni, ó sì lè wà lára ẹṣin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ fi ìka kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni. Bí ìka bá rì wọ inú kòtò kékeré, ti ẹ̀yìn ni. Àwọn kan máa ń bu owó gọbọi lé e nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ nìkan. Lójú tiwa, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ti orílẹ̀-èdè mìíràn. Hasbro fún àwọn ilé iṣẹ́ kan láṣẹ láti máa ṣe é nílùú wọn: Estrela ní Brazil, tó pè é ní Meu Querido Pônei, El Greco ní Gíríìsì, Top Toys ní Argentina. Rọ́bà tiwọn, aró tiwọn àti irun tiwọn ni wọ́n lò, ìdí nìyẹn tí ẹṣin tó dúró bákan náà fi lè ní àwọ̀ ara tàbí àwọ̀ irun tí kò bá ti Amẹ́ríkà mu. Torí èyí ni wọ́n ṣe wọ́nwó, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Èèyàn á gún irun àjèjì sórí ẹṣin Hong Kong lásán, á sì ní Brazil ló ti wá. Kí irun tuntun tó wọlé, orí gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn. Nítorí náà, ẹ wo ìsopọ̀ ọrùn yíká. Bí gọ́ọ̀mù bá yọ síta, tàbí tí etí rẹ̀ jẹ bí ibi tí ọ̀bẹ gbà, wọ́n ti ṣí i rí.

Àbùkù mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Òrùka irin kékeré ló di ìdí ìrù mú láti inú ikùn; omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ máa ń gba ihò ìrù wọlé, irin á dípẹtà, irun ìdí ìrù á sì pọ́n bí omi ìpẹtà. Èyí ní àtúnṣe. Èkejì ni tóótòòtó àwọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú rọ́bà gan-an, tí àwọn tó ń kó póńì jọ ń pè ní jẹjẹrẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á dọ̀la, kò ní lọ. Ẹ̀kẹta ni ara tó ṣókùnkùn ju bó ti yẹ lọ, nítorí rọ́bà àjẹkù tí ilé iṣẹ́ lọ̀ mọ́ tuntun.

Fún ìpẹtà, ẹ ki ọrùn bọ omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, kẹ́ ẹ rọra tẹ orí kúrò yíká. Ẹ fi ẹ̀mú fa ìrù sínú, ẹ gé òrùka náà sọnù, kẹ́ ẹ fi okùn ike tí àwọn oníná fi ń so wáyà rọ́pò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ nínú kẹ́ ẹ tó dá orí padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebu á hù nínú rẹ̀. Irun ní tirẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, lẹ́yìn náà kọndíṣọ́nà. Ẹ máa ya á láti ṣóńṣó lọ sókè. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù irun sún mọ́ ọn rárá, yíyọ́ ló máa yọ́. Àbàwọ́n yíǹkì bíírò máa ń gba ìpara irorẹ́ tó ní benzoyl peroxide ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún: ẹ kán an sórí àbàwọ́n nìkan, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, torí ó lè bó àwọ̀ ara náà. Acetone, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ń jẹ ọ̀dà ojú àti àmì itan, ẹ má lò ó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè fọ́tò abẹ́ pátákò, itan méjèèjì, ìsopọ̀ ọrùn àti ìdí ìrù tí wọ́n gbé sókè. Tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ fẹ́ rà á fún, ilé iṣẹ́ Basic Fun ti tún àwọn àkọ́kọ́ yìí ṣe sínú páálí tó jọ ti àtijọ́, ìyẹn tó fún eré. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a kúrò nínú páálí kó tà á fún yín lówó ojúlówó ti àtijọ́.